Ẹ Yí Ìgò Náà Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwọ̀n Òróró Ẹja

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ sí mi, mo bẹ̀ yín pé kí olúkúlùkù mú ìgò òróró ẹja tó ń lò nílé dání, inú mi sì dùn pé ọ̀pọ̀ yín ló mú un wá, nítorí ara ìgò yẹn gan-an ni a ó ti ka ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ wo iwájú rẹ̀. Wọ́n kọ 1000 mg (mílígíráàmù) sí púpọ̀ nínú wọn gàdàgbà, ẹni tó bá sì rí i yóò gbà pé ìwọ̀n ohun tó ń ṣe ara lóore nínú hóró kan nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró náà lápapọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ ni ọ̀rá méjì kan, EPA àti DHA, tí wọ́n jẹ́ irú omega-3 tó ń ti inú ẹja wá, iye wọn sì wà lẹ́yìn ìgò, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ojú àgbà kì í tètè rí. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, EPA máa ń jẹ́ mílígíráàmù 180, DHA a jẹ́ 120, àpapọ̀ wọn kò ju 300 lọ. Àwọn mìíràn sì wà tí hóró kan ṣoṣo wọn ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Nítorí náà, bí aládùúgbò yín bá sọ pé hóró méjì ni òun ń lò láàárọ̀, ẹ kò tíì mọ ìwọ̀n tó ń lò, àfi bí ẹ bá rí ẹ̀yìn ìgò rẹ̀.

Èló wá ló tó? Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù ka mílígíráàmù 250 EPA àti DHA lójúmọ́ sí ohun tó tó fún ọkàn àgbàlagbà. Àjọ yìí kan náà sọ ní 2012 pé bí àgbàlagbà bá lo tó gíráàmù 5 EPA àti DHA (mílígíráàmù 5,000) lójúmọ́, kò kọjá ààbò. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́. Ààlà ni gíráàmù 5, kì í ṣe ibi tí à ń sáré lọ. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ewu kí ọkàn máa lù ségesège ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó tí wọ́n ní àìsàn ọkàn tàbí tí wọ́n ti súnmọ́ ọn, ó sì ga jù níbi gíráàmù 4 lójúmọ́. Dókítà a máa kọ gíráàmù 4 fún ẹni tí ọ̀rá triglyceride pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù rọpárọsẹ̀ ló mú ọ̀pọ̀ yín ra ìgò yìí, n kò sì fojú kékeré wo ẹ̀rù náà. Ìwádìí VITAL ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, kó ènìyàn 25,871 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní hóró òróró ẹja gíráàmù kan lójúmọ́ fún ọdún tó lé ní 5, àwọn yòókù sì gba hóró tí kò ní i nínú. Nígbà tí wọ́n ka ikọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí àìsàn ọkàn fà pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe torí òróró ẹja fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sílẹ̀.

Kọdilífà yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹja ni wọ́n ti ń fún un, fítámì A àti D sì kún inú rẹ̀. Ṣíbí kékeré kan lè ní tó máíkírógíráàmù 1,350 fítámì A, bẹ́ẹ̀ 3,000 lójúmọ́ ni òpin fún àgbàlagbà. Ṣíbí mẹ́ta ti kọjá rẹ̀. Bí ọmọ yín obìnrin bá lóyún, ẹ má ṣe fún un ní kọdilífà rárá, nítorí irú fítámì A yìí, bó bá pọ̀ jù, lè ba ọmọ inú jẹ́. (Ti epo pupa kò rí bẹ́ẹ̀: ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ èyí tó nílò nínú rẹ̀ di fítámì A.)

Ẹni tó bá ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó fi òróró ẹja kún un. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń lò ó, bí nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ béèrè.

Ìyá kan bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ẹja lásán kò lè ṣe é. Ó ṣe é, mo sì fara mọ́ ọn ju ìgò lọ. Títù àti ṣáwá, àwọn tí à ń pè ní òkú Èkó, kún fún omega-3. Gíráàmù 100 títù sábà máa ń ní ju gíráàmù kan lọ. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ kí ẹ fi jẹ ọkà láfún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ má ṣe máa dín in gbẹ.

Ẹni tí yóò bá rà, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ó má sì ra èyí tí oòrùn ń pa lórí àtẹ, nítorí ooru máa ń ba òróró yìí jẹ́. Bó bá délé, ibi tútù tó ṣókùnkùn ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ gé hóró kan wò nígbà mìíràn: bí òórùn rẹ̀ bá ń ta nímú bí òróró àkàrà àná tí a tún gbé kaná, ẹ dà á nù, ì báà jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò tíì pé.