Ẹ Fún Omi Rẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Yan Án

Ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Ẹ̀yin èèyàn wa ní Rẹ́mọ náà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ àlá, a ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gba ara rẹ̀ gbọ́. Wákàtí la fẹ́ kà. Ẹni tó bá ní òun mọ ibi tí òun ń gbé ayé òun lọ, àmọ́ tí kò lè sọ ohun tí òun á máa ṣe láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kò tíì pinnu nǹkan kan. Ó kàn ń wù ú ni.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ obìnrin kan, ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ pé òun máa kọ́ gígé aṣọ ọkùnrin. Aṣọ obìnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n gé, gbogbo ọkùnrin tó bá yà ló ń júwe ìsọ̀ ẹlòmíràn fún. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Aago márùn-ún ló ń jí, aago mẹ́wàá ló ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọwọ́ tí kì í dilẹ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó fura pé ńṣe layé kàn ń gbé òun lọ.

Ó dáa. Ẹ ra ìwé kékeré táwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ ó fi kọ nǹkan sí i: ọjọ́ iṣẹ́ méjì, Sátidé kan. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí nǹkan kan bọ́ sórí òmíràn, ẹ kọ aago, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Lójú ẹsẹ̀ o! Ẹ má dúró dalẹ́. Ọkàn wa kì í sọ òótọ́ fún wa lálẹ́, ohun tó yẹ ká ṣe ló máa ń rántí, kì í rántí ohun tá a ṣe.

Ẹ wo ohun tí aránṣọ wa ì bá kọ lálẹ́: "9 sí 12, iṣẹ́." Ó parí. Ẹ wá wo èyí tó kọ lójú ẹsẹ̀:

9:10, mo ṣí ìsọ̀. 9:15, fóònù. 9:50, mo bẹ̀rẹ̀ búláòsì màmá ìyàwó. 10:20, iná lọ, fóònù. 11:30, oníbàárà wá gba aṣọ, kò tíì parí, mo ń ṣàlàyé. 11:55, fóònù.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Nínú wákàtí mẹ́ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ránṣọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bínú sí i, ẹ kọ tiyín ná.

Ní ti fóònù, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ọn. Ẹ lọ sí Settings, bó bá jẹ́ Android, ẹ wá Digital Wellbeing, bó bá jẹ́ iPhone, ẹ wá Screen Time. Á sọ iye wákàtí fún yín, á tún sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ gbé e láàárọ̀ dalẹ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà.

Ìṣirò wá kù. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, fún olówó, fún tálákà. Aránṣọ wa ń fi 49 sùn, ó ku 119. Ìsọ̀ gba 45 láàárín ọ̀sẹ̀, ó gba 3 ní àárọ̀ Sátidé, ó ku 71. Oúnjẹ sísè, ọmọ, aṣọ fífọ̀, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 28 nìyẹn, ó ku 43. Ìwẹ̀, oúnjẹ jíjẹ, méjì lójúmọ́, 14, ó ku 29. Ṣọ́ọ̀ṣì Sunday àti ti àárín ọ̀sẹ̀, 6, ó ku 23. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá bọ̀, 6, ó ku 17. Òde Sátidé, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, 7. Ó ku 10.

Ó rò pé òun ní wákàtí mẹ́wàá. Fóònù rẹ̀ ní wákàtí méjì lójúmọ́ lòun ń gbà. Ìlọ́po méje, 14! Ó ti jẹ gbèsè mẹ́rin kó tó fọwọ́ kan aṣọ ọkùnrin rárá. Ibo ló wá ti ń rí gbèsè yẹn san? Nínú oorun, àti nínú aṣọ oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí búláòsì màmá ìyàwó fi pẹ́.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ibí ni gbogbo èèyàn ti máa ń ṣìnà. Tí wọ́n bá ti ṣírò tán, wọ́n á mú bírò, wọ́n á máa kọ ohun tuntun sílẹ̀: màá kọ́ aṣọ ọkùnrin, màá máa rìn láàárọ̀, màá ka ìwé, màá bẹ̀rẹ̀ àdúrà òru. Ohun mẹ́rin, sínú ọ̀sẹ̀ tó ti jẹ gbèsè wákàtí mẹ́rin! Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tú ká. Wọ́n á ní ayé ló le, tàbí pé ẹnì kan ń ṣe àwọn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe yín. Àpò tó kún lẹ fẹ́ di nǹkan kún.

Ẹ YỌ Ọ̀KAN KÚRÒ KẸ́ Ẹ TÓ FI Ọ̀KAN SÍ I. Màá tún un sọ. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò kẹ́ ẹ tó fi ọ̀kan sí i!

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, torí mi ò tíì rí ohun tó jọ ọ̀rọ̀ yìí tó gàrí Ìjẹ̀bú. Kí ló mú un yàtọ̀? Ẹ máa ní ó kan. Òótọ́ ni. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi sílẹ̀ ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn mìíràn á jẹ́ kó pé márùn-ún, ibẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni májèlé inú ẹ̀gẹ́ ti ń dín kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkan nìkan. Ó gbẹ! Ẹ bù ú sẹ́nu, ó ń dún kàràkàrà. Gbígbẹ yẹn ò bẹ̀rẹ̀ nínú agbada o, abẹ́ jáàkì ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fún omi rẹ̀ títí tí àpò fi le bí òkúta, wọ́n tún fọ́ ọ, wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó dáná. Ẹni tó kánjú, tó da ẹ̀gẹ́ olómi sínú agbada, ooru omi yẹn ló máa sè é, kò ní yan. Á dì ní kóńkó kóńkó. Bó ti wù kó máa fi igbá rò ó tó, èbà ló ń rò, kì í ṣe gàrí ló ń yan.

Ẹ̀yin náà, iná tó wà lábẹ́ agbada yín ti tó, agbára wà. Omi lẹ ò tíì fún.

Kí ni ká wá fún jáde? Fún aránṣọ wa, ohun méjì. Èkíní ni fóònù, kó dín in kù sí wákàtí kan lójúmọ́. Ó gba méje padà lọ́sẹ̀ nìyẹn, gbèsè mẹ́rin tán, mẹ́ta wọlé. Bó ṣe máa ṣe é ò le: kó gbé fóònù sínú àpò tó kọ́ sára ògiri lẹ́yìn òun, kó pa ohùn WhatsApp ẹgbẹ́ mọ́, kó fi ti ìpè sílẹ̀ torí oníbàárà. Èyí tó bá wà lórí máṣíìnì, ọwọ́ á máa lọ bá a ni.

Èkejì ni òde Sátidé, ibi tọ́rọ̀ ti le fún ọmọ Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ẹ má lọgun lé mi lórí! Mi ò ní kẹ́ ẹ má jáde. Fàájì tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ yàn, ẹ lọ jó o títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tẹ́ ẹ lọ torí pé wọ́n ti fún yín ní aṣọ ni mò ń bá wí. Aránṣọ wa ń lọ mẹ́rin lóṣù. Kó mú méjì, wákàtí mẹ́rìnlá ló máa wọlé padà lóṣù yẹn, owó aṣọ ẹbí méjì náà á sì wà lápò.

Ọ̀nà láti kọ òde láìsí ìjà: ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó pín aṣọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba aṣọ, ẹ ti gbà láti lọ nìyẹn, ẹ má tan ara yín. Ẹ lọ fúnra yín, tàbí kẹ́ ẹ pè, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó jù yín lọ. Ẹ sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bá yín yọ̀ gan-an. Mi ò ní lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n màá wá kí yín nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé." Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwáwí sílẹ̀, wọ́n á bá yín tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé torí ọmọ ni? Mú un dání." Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ lọ lọ́jọ́ Ajé náà o, pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́. Ìnáwó òkú inú ilé yín, ìyẹn ò sí nínú èyí tí mò ń wí.

Ẹnì kan á ṣì ní òun ò ní àyè ẹ̀kọ́ rárá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n bí ní 1909, kò lọ jókòó sí yunifásítì kankan kó tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Nàìjíríà ló wà tó ti ń kàwé náà, bó ṣe ń ṣòwò ló ń kà á, ó ti di baálé ilé. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ohun kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ẹ mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjìlá? Aránṣọ wa rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á tó. Ní 1994, Roger Buehler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi parí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń kọ. Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Nígbà tí wọ́n parí, ó ti lé ní 55. Nítorí náà, iye tó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Mẹ́jọ di méjìlá.

Kẹ́ ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Aránṣọ tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjìlá rẹ̀ bọ́ sí ẹnu Iléyá. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Òjúde Ọba, gbogbo regbéregbé ló ń ránṣọ, kò ní ráàyè mí. Kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kó sì rántí pé Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún, kó má lo ti èṣí.

Ó wá ku gbólóhùn kan tẹ́ ẹ máa kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Gbólóhùn yìí ní ìlànà: "Bí mo bá ti ṣe báyìí níbi báyìí, màá ṣe tọ̀hún." Peter Gollwitzer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1999. Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó ìwádìí 94 jọ lórí rẹ̀, ó sì hàn pé àwọn tó so ìpinnu wọn mọ́ àkókò àti ibi kan ń ṣe é ju àwọn tó kàn pinnu lọ. Ti aránṣọ wa rèé: "Bí mo bá ti gbá ìsọ̀ tán láago mẹ́fà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, màá dúró sídìí tábìlì ìgéṣọ fún wákàtí kan, màá gé ṣòkòtò kan."

Gbígbá ìsọ̀ ló so ó mọ́, kì í ṣe aago nìkan, torí ojoojúmọ́ ló ń gbá ìsọ̀. Ẹ so tiyín mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìronú: lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì iléèwé bá ti gbé ọmọ. Ẹ má so ó mọ́ iná! Mélòó mélòó ló ti bà jẹ́ báyẹn. Ẹ kọ ti àìsíiná sísàlẹ̀ rẹ̀: "Bí iná ò bá sí, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá ya pátánù sórí bébà." Máṣíìnì lè nílò iná, sísọ́ọ̀sì kò nílò rẹ̀.

Ẹ ó pa á jẹ nígbà kan. Tẹ́ ẹ bá pa Ìṣẹ́gun jẹ, ẹ má fi wákàtí méjì san án lọ́jọ́bọ̀, á sú yín. Wákàtí kan náà ni.

Àyẹ̀wò ńkọ́? Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà ọrún-ọrún kì í dúró di ìparí oṣù kí wọ́n tó mọ bí ọjà ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa, tá a bá ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, ó di ọrún, ọjà tó tẹ̀ lé e ti dé, wọ́n ti ṣírò ohun tó tà àti ohun tó kù nílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ìwé yín lọ́rọọrún. Ẹ bi í ní mẹ́ta: Ìgbà mélòó ni mo ṣe é? Kí ló gba àyè rẹ̀ nígbà tí mi ò ṣe é? Omi wo ló tún ti wọnú àpò? Bí ọrún mẹ́ta bá tẹ̀ léra tẹ́ ẹ kọ "òdo" síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wákàtí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rò pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ nǹkan náà. Bóyá ìrọ̀lẹ́ ni kò bá a mu, kó di ìdájí.

Àwọn tó máa béèrè bóyá kí wọ́n lo áàpù: inú fóònù ni áàpù wà, fóònù la sì ń sá fún. Ìwé ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ fi òwú so bírò mọ́ ọn o, torí bírò ló kọ́kọ́ máa ń sọnù.