Ẹni tó ju abẹ́rẹ́ nù kọ́ ló máa ń gún: ọ̀rọ̀ lórí pàǹtí ọsibítù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù sọ nìyí, àwọn kan nínú wọn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn tí ò wá lè rí i kà, ẹ má bínú bó bá ń lọ síbí ń lọ sọ́hùn-ún, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá kan wà tó ń bá wa gbálẹ̀, Màmá la máa ń pè wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kúrò nínú dọ́sìbíìnì wa, ó wúwo díẹ̀, wọ́n wá fi í tì sára itan bí èèyàn ṣe máa ń ṣe, wọn ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ké "yéè!" Nígbà tá a da náílọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, páálí jùúsì, abọ́ oúnjẹ àná, àti abẹ́rẹ́ kan tí kò ní ìdérí, ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Ẹni tó jù ú síbẹ̀ ti parí iṣẹ́ alẹ́, ó ti lọ sùn. Kò wá sẹ́ni tó lè sọ ara ta ni abẹ́rẹ́ yẹn ti jáde ká lè yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò, bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV nìyẹn, ọjọ́ 28 gbáko, ó ń rìn wọ́n níkùn, wọ́n sì ń fi pamọ́ fún ọkọ wọn torí báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílé.

Dókítà àti nọ́ọ̀sì náà ń forí kó o, mi ò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ rí i lọ́wọ́ ara ẹ̀, kílínà ò rí i, akólẹ̀kódọ̀tí ò rí i, ọmọ tó ń ṣa ike lórí ààtàn ò rí i.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé pàǹtí tó léwu ò pọ̀ rárá. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní nínú ọgọ́rùn-ún tó ń jáde lọ́sibítù, bíi 85 ló dà bíi pàǹtí ilé lásán, 15 péré ló lè ṣe èèyàn níbi. Ìgbà tẹ́ ẹ bá da òwú ẹlẹ́jẹ̀ kan mọ́ páálí àti bébà, gbogbo ẹ̀ ti di ẹlẹ́jẹ̀ nìyẹn, dípò owó sísun 15, owó sísun 100 lẹ máa san. Ibi bẹ́ẹ̀dì aláìsàn la ti ń yà á sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa yà á lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ọwọ́ ta lẹ fẹ́ kó fi yà á?

Dúdú fún ìdọ̀tí lásán, yẹ́lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara kàn, búráùn fún kẹ́míkà àti oògùn tó ti bàjẹ́. Ọsibítù míì ń fi pupa kún un, ẹ wo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tiyín. Tí yẹ́lò bá wá tán nísitọ́ọ̀, ẹnì kan á ní "ẹ ṣì lo dúdú ná," inú mi kì í dùn sí i rárá. Kílínà tí ò mọ̀wé ka mọ àwọ̀, àwọ̀ náílọ́ọ̀nù ló ń bá a sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá paró àwọ̀ ẹ ti paró fún un nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ má dá ìdérí ẹ̀ padà, bó ṣe kúrò lára aláìsàn ni kó wọ inú safety box, àpótí líle tí abẹ́rẹ́ ò lè gún já, àpótí yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pa á dé. Mo ti rí ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni ń kó aṣọ sí báàgì ìrìn-àjò.

Tó bá wá gún yín, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ẹ má fún ojú ẹ̀, ẹ má da bílíìṣì sí i, kẹ́ ẹ lọ sọ lójú ẹsẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV ò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn tó gún yín, wákàtí méjì ló sì dáa ju ọjọ́ méjì lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sá fún HIV, bíi mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ló ń kó o tí abẹ́rẹ́ ẹni tó ní in bá gún wọn. Ti hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn, lè tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́ni tí ò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mẹta sì lèèyàn ń gba àjẹsára yẹn. Ẹ ní kí ọ̀gá yín fún kílínà náà.

Dída kẹrosíìnì sí pàǹtí lẹ́yìn ọsibítù kì í ṣe sísun. Iná bẹ́ẹ̀ ò yọ́ abẹ́rẹ́, inú eérú lẹ máa bá a, èéfín ike ẹ̀ ní májèlé. Insinarétọ̀ gidi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sun pàǹtí, ń gbóná ju 850 dígírì Celsius lọ, ibi tó ń sun èéfín nínú ẹ̀ ń dé 1,100.

Ẹ tún má rò pé abẹ́rẹ́ nìkan ni. Lọ́dún 1987 ní Goiânia, lórílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ sílẹ̀ sínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kó kúrò. Àwọn méjì wọlé, wọ́n tú u, wọ́n tà á fún onírin àlòkù. Lóru onírin rí i tí nǹkan inú ẹ̀, tí ìtànṣán ẹ̀ ń pa èèyàn, ń tàn búlúù, ó rẹwà lójú ẹ̀, ó gbé e wọlé, ó ń pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan fi para, ó sì fi ọwọ́ yẹn jẹun. Èèyàn mẹ́rin ló kú, ọmọ yẹn wà nínú wọn, àpapọ̀ àwọn tó kàn jẹ́ 249, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 100,000.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, bàbá kan láti ẹ̀ka mẹntẹ́náǹsì dìde, wọ́n ní ṣé a ò ní gba ibi ọmọ relé mọ́ ni. Mo ní ẹ̀yin bàbá wa, mi ò bá àṣà jà, ẹ ṣáà gbà á nínú ike tó lómọrí tí ò jò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ rì í jìn, kó jìnnà sí kànga, tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ọsibítù ní kòtò tiẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kadà làwọn fi gbé ti ọmọ àwọn kẹta, nínú náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì. Mo ní ṣé ò jò? Gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń rẹ́rìn-ín, bàbá sì ń wo bàtà wọn.