Ọdẹ Inú Ọpọlọ: Ìjà Ara àti Ọ́tísíìmù

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ pé jọ sí Adó-Èkìtì lónìí, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, wá sọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá ti ń gúnyán lágbàlá, ọmọ náà á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á sì sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í jẹ́ ìpè, ìdérí ìgò ló sì máa ń tò láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ́tísíìmù ló ní, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tí bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá ènìyàn ṣe fi ń ṣòro fún un. Ìyá náà wá sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé: “Dókítà, ẹ má bínú, ìgbà tí ibà bá ń ṣe é gan-an ló máa ń wo ojú mi.” Òótọ́ ló sọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí ọmọ 30 tó ní ọ́tísíìmù, wọ́n sì rí i pé ìṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn yí padà sí rere nígbà tí ara wọn gbóná. Èyí jẹ́ kí a fura pé ọpọlọ àti agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn jọ ń sọ̀rọ̀.

Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, tí ìka rẹ̀ pọ́n, tó wú, tó sì gbóná, ara ló ń jà. Nínú ọpọlọ, ìjà náà kì í hàn sójú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní microglia, tí Pío del Río-Hortega ará Sípéènì ṣàpèjúwe ní 1919, ló ń jà á. Ọdẹ ni wọ́n, nítorí wọ́n ń ṣọ́ gbogbo igun ọpọlọ, wọ́n sì ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àgbẹ̀ tún ni wọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọdé máa ń so mọ́ ara wọn ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni gbin àgbàdo márùn-ún sójú ihò kan, microglia sì wà lára ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù tu kí ìyókù lè ráyè. Ọdẹ tó ń yìnbọn ṣúlẹ̀, ìgbà wo ni yóò ro oko?

Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins yẹ ọpọlọ òkú 11 tó ní ọ́tísíìmù nígbà ayé wọn wò, wọ́n sì bá àwọn ọdẹ yìí ní ìmúra ogun, pàápàá ní apá ọpọlọ tó wà níhà ìpàkọ́. Ní 2014, àwọn ti Yunifásítì Columbia ka ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń so mọ́ ara wọn: láti èwe títí di òpin ìgbà ọ̀dọ́, nǹkan bí ìdajì ló dín kù lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní ọ́tísíìmù, ṣùgbọ́n ìdá 16 péré nínú 100 ló dín lọ́dọ̀ àwọn tó ní in. Oko wọn kún. Síbẹ̀, kì í ṣe ọdẹ ni ìwádìí kejì yìí dá lẹ́bi, bí kò ṣe ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń gbà kó pàǹtírí inú rẹ̀ dànù.

Ìjà náà lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ìwádìí kan ní Denmark lórí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2010, fi hàn pé bí fáírọ́ọ̀sì bá dá aboyún dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ewu ọ́tísíìmù fún ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po 3. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí na ìyá kankan lẹ́gba: ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní in, ohun àjogúnbá ló sì kó ipa tó pọ̀ jù. Àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Wọ́n wádìí èyí tí wọ́n fi ń dènà èéyi lára ọmọ tó lé ní 650,000 ní Denmark kan náà, wọn kò rí i pé ó ń fa ọ́tísíìmù.

Ìyá yẹn bi mí bóyá mo lè kọ oògùn tí yóò pa iná ìjà náà. N kò kọ ọ́. Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà ní Japan ní 2013 fi hàn pé àwọn ọdẹ náà ń jà kíkankíkan. Èyí tí wọ́n yà ní Boston ní 2021 sọ òdìkejì rẹ̀. N kò lè fi oògùn lé ohun tí àwọn tó ń wò ó kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ fi ọmọ odó han ọmọ náà, kí ó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán.