Ta Ni "Mi" Tó Ń Sọ Pé "Ara Mi"?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Èdè wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. A máa ń sọ pé ọwọ́ mi, ojú mi, ara mi. A tún máa ń sọ pé ọkàn mi, iyè mi, ẹ̀mí mi. Gbogbo ohun tí a dárúkọ yìí ló ní ẹni tó ni ín. Bí ara bá jẹ́ tèmi, tí ọkàn jẹ́ tèmi, tí ẹ̀mí pàápàá jẹ́ tèmi, ta wá ni "mi" tí gbogbo wọn jẹ́ tirẹ̀? Síbẹ̀, bí mo bá dúró níwájú dígí, ohun tí mo máa sọ ni pé mo rí ara mi. Ẹnu kan náà tó ya ara sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín ló tún padà ń fi ara pe ẹni náà. Gírámà kì í ṣe ẹ̀rí o, nítorí a ń sọ pé oòrùn wọ̀ nígbà tí oòrùn kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tòní wà.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ di ojú yín, kí ẹ tẹ́tí sí ìró tó sún mọ́ yín jù, bóyá èémí ẹni tó jókòó tì yín. Ìró yẹn dé, ẹ sì mọ̀ pé ó dé. Láìpẹ́ èrò kan á yọjú, pé kí ló dé tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí ń ní ká dijú. Ẹ mọ̀ pé èrò náà yọjú, ẹ ó sì mọ̀ nígbà tó bá kọjá. Ohun tí mo ń pè ní mímọ̀ lónìí nìyẹn. Kì í ṣe ìmọ̀ ìwé, kì í sì í ṣe làákàyè; mímọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ni, èyí tí ọmọ ọwọ́ ní, tí arúgbó tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ náà ṣì ní. Ẹ wá gbìyànjú láti rí ẹni tó ń mọ̀ yẹn. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ohun tí a rí ni, kì í ṣe ẹni tó ń rí i. Nínú àwọn Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ ti àwọn Híńdù, ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Yajnavalkya bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni èèyàn yóò fi mọ ẹni tó ń mọ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ títí di báyìí.

Ibn Sina, oníṣègùn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gbé ayé láti 980 sí 1037, gba ọ̀nà mìíràn yọ sí i. Ó ní ká fi ọkàn yàwòrán ọkùnrin kan tí Ọlọ́run dá ní géńdé lẹ́ẹ̀kan náà, tó wà lójú òfurufú, tí a bo ojú rẹ̀, tí a na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà kan ara wọn, tí atẹ́gùn kò sì bà á. Kò rí nǹkan, kò gbọ́ nǹkan, kò tíì mọ̀ pé òun ní ara rárá. Ǹjẹ́ yóò mọ̀ pé òun wà? Ibn Sina ní yóò mọ̀, láìsí iyèméjì. Ẹni tó sọ èyí kì í ṣe ẹni tó kórìíra ara; oníṣègùn tó mọ ara èèyàn dunjú ni.

Ohun tí Ibn Sina fi ọkàn yà, ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà, fi ara rẹ̀ ṣe é ní 1896. Kò ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú gbá a mú lójijì bó ṣe dá wà nínú yàrá. Kò sáré pe ẹnikẹ́ni. Ó na gbalaja sílẹ̀, ó mú apá àti ẹsẹ̀ le gbagidi bíi ti òkú, ó pa ètè dé, ó sé èémí. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: ara yìí ti kú, wọn yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú; ṣé èmi náà ti kú? Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé mímọ̀ ṣì wà gedegbe, ẹ̀rù náà sì tú ká. Ní ọdún yẹn kan náà ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí òkè Arunachala, níbi tó wà títí tó fi kú ní 1950. Ramana Maharshi ni àwọn èèyàn wá mọ̀ ọ́n sí. Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ tó sé èémí fún ìṣẹ́jú kan kò mọ nǹkan kan nípa ikú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú gan-an ló ń wádìí, bí kò ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà tẹ́jú. Ibi tó ti ń rí págunpàgun ni ọ̀rọ̀ oorun. Mandukya, tó kúrú jù nínú àwọn Upanishad tó lókìkí, tí kò ju ẹsẹ 12 lọ, sọ pé ipò mẹ́ta la mọ̀: jíjí, àlá, àti oorun àsùnwọra tí kò ní àlá. Ẹ̀kẹrin sì wà, èyí tí kì í ṣe yàrá kẹrin nínú ilé bí kò ṣe ilẹ̀ tí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lé. Àwọn tó tọ ipa ẹsẹ̀ Shankara, olùkọ́ tó la ẹ̀kọ́ yìí lójú, ní ẹ̀rí kan tí wọ́n máa ń mú wá. Wọ́n ní ẹni tó bá jí máa ń sọ pé "mo sùn dáadáa, n kò mọ nǹkan kan." Báwo ló ṣe mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan? Ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀.

Mo gba ẹ̀rí yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Oníṣègùn tó fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun ní kí n máa kà sẹ́yìn láti 10. Mo rántí 8. Mo rántí bí iná tó wà lókè orí mi ṣe ní òrùka funfun kan létí. Ohun tó tẹ̀ lé 8 ni ohùn obìnrin kan tó ń pè mí lórúkọ, ètè mi gbẹ bíi tákàdá, aago ara ògiri sì ti fi wákàtí mẹ́ta kọjá ibi tí mo fi í sí. N kò lè sọ pé mo sùn dáadáa, n kò sì lè sọ pé n kò sùn dáadáa. Kò sí àárín rárá láàárín 8 àti ohùn obìnrin yẹn. Bí ẹlẹ́rìí kan bá jókòó ti mí ní wákàtí mẹ́ta náà, kò jíṣẹ́ kankan fún mi. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shankara á dá mi lóhùn pé àìrántí kì í ṣe àìsí. N kò lè já ìdáhùn yẹn ní koro, ìyẹn gan-an ló sì ń dà mí láàmú nípa rẹ̀, nítorí ohun tí kò sí ọ̀nà àti já ní koro, ó ṣòro láti dì í mú. Àwọn oníṣègùn mọ ìwọ̀n egbòogi tó ń pa mímọ̀ dé. Ìdí tí iṣẹ́ ọpọlọ fi ní mímọ̀ nínú rárá ni ohun tí David Chalmers, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, pè ní ìṣòro líle ní 1995, líle náà ló sì wà.

Ibí yìí ni Búdà, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Búdà, ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní Sarnath, ní Íńdíà, ó kó ohun tí èèyàn ń pè ní èmi jọ sí ọ̀nà márùn-ún níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún: ara, ìmọ̀lára, dídá nǹkan mọ̀, èrò àti ìfẹ́ inú, àti mímọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá bi wọ́n nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ara bá jẹ́ tìrẹ lóòótọ́, ṣebí o lè pàṣẹ fún un pé kó rí báyìí, kó má rí bẹ́ẹ̀? Kò gbọ́ àṣẹ. Mímọ̀ náà kò gbọ́ àṣẹ; lẹ́yìn tí mo ka 8 ó lọ, kò sì bi mí kó tó lọ. "Mi" tí a fi ń sọ pé "ara mi" kò ní ìwé ilé lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, Nagasena, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan nínú ẹ̀sìn Búdà, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ọba Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Milinda gùn wá ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́, bóyá igi ìdí rẹ̀ ni, bóyá àjàgà ni. Ọba ní kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn, àtòpọ̀ wọn la fi orúkọ náà pè. Nagasena ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe ń jẹ́ Nagasena.

Àwọn kan máa ń sọ pé nǹkan kan náà ni Shankara àti Búdà ń sọ, pé orúkọ ló yàtọ̀. N kò gbà. Shankara fúnra rẹ̀ kò gbà, torí ó kọ̀wé ta ko àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà láìfi bò. Ọ̀kan ní bí o bá bó gbogbo èèpo kúrò, ohun kan ṣẹ́kù tí kì í kú. Èkejì ní bíbó náà ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mi, tó ní ìtàn mi, tó ń bínú nígbà tí wọ́n bá ṣì í pè, kọ́ ni a ń wá.

Ọ̀rọ̀ ohun tó jẹ́ òótọ́ wé mọ́ èyí. Àwọn ará Shankara ní àpẹẹrẹ okùn. Ní àṣálẹ́, ẹnìkan rí okùn nílẹ̀, ó kà á sí ejò, ó fò sókè, àyà rẹ̀ ń lù kì kì kì. Wọ́n tan iná, wọ́n rí i pé okùn ni. Níbo ni ejò gbà lọ? Kò sí níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àyà lù lóòótọ́, okùn náà sì wà nílẹ̀ gbalaja. Àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí lérèfé, tí wọ́n ń sọ pé ayé kò sí, ti gbàgbé okùn. Ẹ má sì lọ sọ fún ẹni tí eyín ń ro pé ejò ni ìrora rẹ̀.

Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, jìyà ìbéèrè yìí lára fún nǹkan bí oṣù méjì. Ojú ń sọ fún un pé ìràwọ̀ kò ju owó dínárì lọ, ìṣirò ń sọ pé ó tóbi ju ilé ayé lọ. Bí làákàyè bá wá lè dá ojú lẹ́bi, ta ló mọ̀ bóyá adájọ́ mìíràn wà lókè làákàyè, tí yóò dá òun náà lẹ́bi bí jíjí ṣe ń dá àlá lẹ́bi? Kì í ṣe àríyànjiyàn ló gbà á sílẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run fi sí òun láyà ni. Fún irú rẹ̀, ẹni tó ń mọ̀ nínú èèyàn kì í dá wà, ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ ara rẹ̀. Bí ààlà tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run bá parẹ́, ó léwu: al-Hallaj, Súfì kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ní "Èmi ni Òtítọ́", èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì pa á ní Bágídádì ní 922. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni tó sọ ara rẹ̀ di Ọlọ́run, àwọn mìíràn gbọ́ ọ bí ẹni tí kò rí "èmi" kankan sọ mọ́.

Nígbà tí a fàyè gba ìbéèrè, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní bí ẹni tí à ń wá bá jẹ́ ẹni tó ń wá a, kí ni ìwákiri wà fún? Mo sọ ohun tí Ramana fi dáhùn irú rẹ̀ fún un: ìbéèrè "ta ni èmi" dà bí igi tí wọ́n fi ń ko iná ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, èyí tí òun náà yóò jó lẹ́yìn tó bá ti jó èrò tó kù tán. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa ju igi náà sínú iná?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ya ẹnu láti fèsì, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.