Kí wọ́n tó kọ́ mùsíọ́ọ̀mù, odò ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀: ọ̀rọ̀ lórí ìlú Bilbao

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tí ò ráyè wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe lórí ìlú Bilbao ní kí n kọ ọ́ síbí, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe máa kọ ọ́.

Ẹ dárúkọ Bilbao lásán, ìlú kan ní àríwá Sípéènì létí odò Nervión, ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ ni pé mùsíọ́ọ̀mù Guggenheim tí Frank Gehry ya àwòrán ẹ̀ ló tún ìlú náà ṣe. Wọ́n kọ́ ilé tó ń dán, àlejò rọ́ dé, ìlú bá dìde. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o, ó sì ń dùn mí, torí àwọn olórí ìlú káàkiri ayé ti gbọ́ ìtàn yẹn, wọ́n lọ fowó gọbọi kọ́ ilé ràgàjì létí omi, wọ́n wá jókòó wọ́n ń retí iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irin ni wọ́n ń wà lórí àwọn òkè tó yí ìlú ká, wọ́n ń yọ́ ọ ní Barakaldo àti Sestao, àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bilbao, láàárín ìlú gan-an sì ni ilé iṣẹ́ Euskalduna wà, látọdún 1900 ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ọ̀nà réluwé, kọ̀ǹténà, ògiri, gbogbo ẹ̀ ló dí etí odò pa, ará ìlú ò lè sún mọ́ odò ìlú ara ẹ̀. Ìdọ̀tí fákítọ̀rì àti omi ilé ìgbẹ́ jọ ń dà sínú odò kan náà, láìsí ẹni tó ń sẹ́ ẹ, ó débi pé atẹ́gùn tí ẹja máa mí sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi náà. Ní August 1983 omíyalé dé, ó pa ju ọgbọ̀n èèyàn lọ ní agbègbè yẹn. Iṣẹ́ náà sì ń kú lọ lọ́wọ́: àwọn òṣìṣẹ́ Euskalduna bá ọlọ́pàá fìjà pẹẹ́ta lójú títì ní 1984 kí wọ́n má baà ti ibẹ̀ pa, àmọ́ nígbà tó máa di 1988 wọ́n ti tì í pa.

Níbo ni wọ́n wá ti bẹ̀rẹ̀? Omi. Látọdún 1979 ni wọ́n ti ní ètò pé kí wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ káàkiri, kí omi ìdọ̀tí máa lọ sí ibi tí wọ́n á ti sẹ́ ẹ, ibi ńlá tí wọ́n kọ́ fún un ní Galindo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990. Kò sẹ́ni tó ń wá ya fọ́tò nídìí páìpù. Owó tó gbé mì pọ̀ gan-an, ọdún tó gbà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ti padà sínú odò yẹn lónìí.

Lẹ́yìn omi, ilẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Ilẹ̀ etí odò kì í ṣe ti ẹnì kan: àwọn aláṣẹ èbúté ní tiwọn, réluwé ní tiwọn, ìjọba àpapọ̀ ní tiẹ̀, ìlú náà ní tiẹ̀. Ní 1992 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Bilbao Ría 2000, ìdajì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Madrid, ìdajì jẹ́ tàwọn ìjọba Basque, ìyẹn agbègbè tí Bilbao wà. Kálukú kó ilẹ̀ tiẹ̀ wá sórí tábìlì. Wọ́n á yí ohun tí òfin ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe padà, wọ́n á ta apá kan fáwọn tó ń kọ́lé, owó tó bá wọlé ni wọ́n fi ń ká ọ̀nà réluwé kúrò, tí wọ́n fi ń ṣe ibi ìgbafẹ́ létí omi. Abandoibarra níbi tí Euskalduna wà, tó tó bíi hẹ́kítà 35, bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyẹn.

Guggenheim ńkọ́? Ilé ọtí wáìnì àtijọ́ kan láàárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ mú Gehry lọ wò ní 1991, òun ló ní rárá o, etí odò ni kí wọ́n jẹ́ kó wà. Wọ́n ṣí i ní October 1997, páànù títáníọ́ọ̀mù tó bò ó lára ò nípọn tó ìdajì mìlímítà, ó sì rẹwà, mi ò ní purọ́. Ju mílíọ̀nù kan èèyàn ló wò ó lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n réluwé abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 1995 kó tó ṣí, páìpù ti wà nílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kíréènì pupa kan tí wọ́n ń pè ní Carola. Wọn ò wó o, ó ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Wọ́n ní arẹwà obìnrin kan ló máa ń fi ọkọ̀ kékeré sọdá odò láti Deusto, àdúgbò tó wà lódìkejì, lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tó bá ti ń bọ̀ báyìí gbogbo òṣìṣẹ́ á dawọ́ dúró, wọ́n á máa wò ó, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fún kíréènì yẹn.

Ọ̀rọ̀ májèlé abẹ́ ilẹ̀ náà wà o. Ní Barakaldo wọ́n ń ṣe oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ lindane, ìdọ̀tí tó ń kù lẹ́yìn ẹ̀ sì pọ̀ ju oògùn fúnra ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dà á sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, àfi kí wọ́n hú yẹ̀pẹ̀, kí wọ́n lọ dì í pa sí òkè Argalario, títí dòní wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Ẹnì kan bi mí níjọ́ yẹn pé àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ọkọ̀ ńkọ́, ta ló gbà wọ́n síṣẹ́? Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ti fi ogún ọdún jó irin kọ́ ni mùsíọ́ọ̀mù gbà, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fún lówó ìfẹ̀yìntì kí ọjọ́ orí wọn tó tó. Bilbao Ría 2000 dé Barakaldo náà, ilé tuntun ti kún ibi tí ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin wà tẹ́lẹ̀, ní Sestao wọ́n fi ìléru kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìrántí, iná ti kú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò padà wá. Mo sọ fún un pé níbi tá a dé yìí, Bilbao ò tíì ṣe tó.