Ta Ló Ni Eré Inú Jotter Yìí?

Ẹ wo jotter yìí dáadáa. Ká sọ pé ọmọ JSS2 kan ní Mọ́kọlá ló ni ín, tó fi ojú ìwé mẹ́rìnlá kọ eré nípa ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Bódìjà. Ẹ bi ọmọ náà pé ta ló ni eré yìí, á ní, "Tíṣà wa ni." Ẹ bi tíṣà, òun á ní ilé ìwé ni. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Ọmọ yẹn ló ni ín. Bó ṣe fi báírò kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí kọ́píráìtì, ìyẹn àṣẹ lórí ẹni tó lè da iṣẹ́ náà kọ tàbí tẹ̀ ẹ́ jáde, ti di tirẹ̀. Kò san kọ́bọ̀, kò sì lọ sí ọ́fíìsì kankan. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022 ní tirẹ̀ ni títí ayé rẹ̀, àti 70 ọdún lẹ́yìn tó bá ti kú. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà á jẹ níbẹ̀.

Àmọ́, èyí tó bá ṣì wà nínú orí nìkan, òfin ò dá a mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni Ìjàpá. Bí tíṣà mẹ́wàá bá tún àlọ́ Ìjàpá kan náà kọ, kálukú ló ni bó ṣe kọ tirẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹnì kan da gbólóhùn ẹnìkejì kọ, kó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Kí wá ni ìforúkọsílẹ̀ wà fún? Ẹ̀rí ni. Eku lè jẹ jotter, òjò sì lè pa á. Bí ẹlòmíràn bá wá tẹ eré náà jáde, ìwé ẹ̀rí tó ní déètì lára ló máa sọ̀rọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é lọ́dọ̀ NCC. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe NCC tó ń bójú tó fóònù o! Nigerian Copyright Commission ni. Orúkọ ilé ìwé àti bájì rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn: ọ́fíìsì ààmì òwò (trademark) l'Ábújá ló ń rí sí i.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Jẹ́ríkò ń bẹ n'Ìbàdàn yìí, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde, bíi University Press, Heinemann àti Evans, fìdí kalẹ̀ sí. Láti ọdún 1949 ni Oxford University Press ti dé ìlú wa. Síbẹ̀, ẹ dé ilé fótókọpí tó wà nítòsí ilé ìwé yín: odindi ìwé ni wọ́n ń dà kọ, wọ́n á sì fi spiral dì í. Àwọn òbí á ní ìwé ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́. Ìpínrọ̀ kan, méjì tí tíṣà lò láti fi kọ́ kíláàsì, òfin fàyè gbà á níwọ̀nba. Odindi ìwé kọ́.

Ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín ní ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má kọ́kọ́ ka òfin sí wọn létí. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn ojú ìwé kan. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ wá ka ọ̀kan sókè, àmọ́ kẹ́ ẹ pe orúkọ ọmọ mìíràn pé òun ló kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ariwo wọn pọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé fótókọpí kan sórí tábìlì.