Nínú Àpò Àgékù Aṣọ: Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Abẹ́rẹ́ Àwọn Ìyá Gee's Bend

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí yín o. Kí kálukú fi ojú inú wo abẹ́ maṣíìnì rẹ̀ ná. Àgékù ànkárá ló wà níbẹ̀, léèsì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó, etí aṣọ òkè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbá a jọ, a ó dáná sun ún, tàbí ká kó o fún mẹkáníìkì kó máa fi nu epo ọwọ́. Ọdún 19 ni èmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ ní Amẹ́ríkà ni mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ ńbẹ̀.

Quilt ni wọ́n kọ́ wa. Aṣọ ìbora ni, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Ègé aṣọ kéékèèké tí a rán pọ̀ ló wà lókè, òwú títẹ́ wà láàárín, odindi aṣọ kan sì tẹ́ ìsàlẹ̀. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra káàkiri, kí òwú má baà ṣù jọ sójú kan bí a bá fọ̀ ọ́.

Mo ti rò pé n kò ní rí nǹkan tuntun kọ́ nípa rírán. Ọjọ́ kìíní ni mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Àwa níbí, a máa ń yọ etí aṣọ sílẹ̀ dáadáa, nítorí oníbàárà lè sanra lọ́la. Kọ́tà íńṣì péré ni ti quilt. Wọ́n ní kí n rán ojú kan, ìyẹn abala onígun mẹ́rin kan lára quilt, tí yóò jẹ́ íńṣì 12½ níbùú lóròó. Nígbà tí mo fi tépù wọ̀n ọ́n, 11½ ló jẹ́! Ojú ìrán mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, mo sì ti jẹ 1/16 íńṣì lápá ọ̀tún àti lápá òsì ojú ìrán kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1/8. Ẹ sọ 1/8 lọ́nà mẹ́jọ, íńṣì kan gbáko ni. Ojú kò lè rí 1/16, àmọ́ aṣọ kò gbàgbé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe fún mi nìyí, ẹ lè dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ wọn kọ́tà íńṣì láti ẹnu abẹ́rẹ́, kí ẹ lẹ páálí tó nípọn mọ́ ojú irin maṣíìnì níbẹ̀, kí etí aṣọ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ọmọ tó ń tọ ògiri. Kí ẹ wá gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 1½, kí ẹ rán wọn pọ̀. Bí tààárín bá fẹ̀ ní íńṣì kan géérégé, ọwọ́ yín ti bọ́ sí i. Tó bá kan áyọ́ọ̀nù, ẹ gbé e kà á, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fà á lórí aṣọ, pàápàá ibi tí a bá gé aṣọ ní dágọ́nà, nítorí ibẹ̀ a máa yọ̀ gùn.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tó ń kọ́ wa gba rúlà lọ́wọ́ gbogbo wa. Gee's Bend ni wọ́n ti bí i. Odò Alabama pọ́n ìlú kékeré náà sẹ́yìn, ó yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Oko òwú ni níjọ́un, ẹrú ló sì ń ro ó. Orúkọ olówó wọn, Mark Pettway, ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ títí dòní. Ní 1962, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ń gbóná, wọ́n dá ọkọ̀ tó ń gbé wọn sọdá odò lọ sí ìlú Camden dúró, 2006 ló tó padà. Ilé pákó wọn tutù, wọ́n sì ń lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri kí atẹ́gùn má baà wọlé. Otútù yẹn náà ló sọ wọ́n di aránquilt.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti Missouri Pettway, ìyá kan ní Gee's Bend. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ní 1942, ó kó gbogbo aṣọ oko tí bàbá náà fi sílẹ̀ jọ, ó fẹ́ rán ohun tí yóò máa fi bora sùn, tí yóò sì máa fi rántí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Arlonzia ló bá a ya á. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ọmọ náà ló ń gé e kó lè dọ́gba. Irú quilt aṣọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà tẹ́ sílẹ̀ fún wa. Mo fi ìka kan ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀: ibẹ̀ ṣì dúdú minimini, oòrùn ti pa àwọ̀ ìyókù. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀kú egúngún ilé wa ni mo rántí, tí àwọn ọmọ ilé ń fi abala aṣọ kún lọ́dọọdún, tí tàtijọ́ wà lábẹ́ tuntun.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí wọ́n ti ń rí àrà. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni. Ní 1972, iléeṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ ìbòrí ìrọ̀rí fún Freedom Quilting Bee, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966. Aṣọ kọ́dúróì ni wọ́n fi ṣe é, àgékù rẹ̀ sì wọ ilé lọ, bí àwọ̀ quilt wọn ṣe yí padà nìyẹn. Ní 2002, iṣẹ́ wọn wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston, lẹ́yìn náà New York. Ọdún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹbù lẹ́tà.

Fún àwa níbí, ẹ kó ànkárá mọ́ ànkárá, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ léèsì. Ẹ fọ àdìrẹ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà ṣàn sára èkejì. Aṣọ òkè a máa tú, ẹ yọ etí rẹ̀ ju kọ́tà lọ.

Mo gbé àpò àgékù tèmi wá. Housetop ni a ó ṣe, àrà tó gbajúmọ̀ jù ní Gee's Bend: ègé kan á wà láàárín, a ó sì máa rán ègé tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ẹ̀yin ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ sún mọ́ iwájú. Kí ẹnì kan mú ègé kan tó wù ú, kó gbé e sáàárín tábìlì, kí ẹni kejì wá èyí tí yóò fi gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́.